Ohùn Alhaja Tó Yí Padà Mọ́jú

Ohùn tó jáde nínú kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe ohùn obìnrin. Ó wúwo, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó ru igi gun òkè Mápó, bẹ́ẹ̀ orin wákà tí Alhaja Sọ̀fíyàt fi ẹnu ara rẹ̀ kọ lọ́sàn-án àná ló ń kọ. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, nǹkan ń ta pá, pá, bí àgbàdo inú iyanrìn gbígbóná.

"Ẹ pa á," Alhaja wí. Ohùn tirẹ̀ gan-an tín-ín-rín, ó sì há. Ó fa ìborùn bo ọ̀fun. "Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Afeez, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni sítúdíò náà, tẹ bọ́tìnnì kan, yàrá sì pa rọ́rọ́. Ó yíjú sí obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, Màdáámú. Ìrọ̀lẹ́ àná, gbogbo wa la jọ tẹ́tí sí i níbí, ó mọ́ gaara, àfi nǹkan tó ń ta pá yẹn díẹ̀díẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo relé. Àárọ̀ yìí ni mo dé bá a báyìí. Bó ṣe rí pẹ̀lú ti ọjọ́ Àìkú náà nìyẹn. Ẹnì kan ló ń wọlé wá bà á jẹ́."

Ifáyọ̀kẹ́ Ògúnbíyìí ni obìnrin náà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àdúgbò Àrẹ̀mọ ni wọ́n bí i sí. Oríta-mẹ́rin ni baba rẹ̀ ti ń tún aago ṣe, ẹ̀gbẹ́ tábìlì baba yìí ló sì ti kọ́ pé kéèyàn tó tú ohunkóhun, kó kọ́kọ́ kà á. Ó ti ka àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún gòkè wá sí yàrá yìí, ní Bẹẹrẹ. Ó sì ti ka àwọn èèyàn tó bá níbẹ̀: Afeez, Alhaja, àti Qúdrát, ọmọ Alhaja tó kéré jù, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kì í ṣe kékeré. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni Alhaja Sọ̀fíyàt. Láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó ilé ní Bẹyẹrúnkà ló ti ń ṣẹ̀dá orin wákà, kò sì kọ ọ̀kan ṣoṣo sínú ìwé rí. Nǹkan kan wá wú sí i lọ́nà ọ̀fun. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọn ò sì tàn án: tí wọ́n bá ṣe é tán, kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, áḿbọ̀tórí orin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì la wà yìí.

"Ta lo rò pé ó ṣe é?" Ifáyọ̀kẹ́ béèrè.

"Sàláúdéènì. Àwa méjèèjì la jọ dá ibí sílẹ̀. Òun ló mú iṣẹ́ Alhaja wá, ló bá di pé òun ni yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ, èmi náà ní rárá. A jà. Lọ́jọ́ Sátidé, ó dúró síbi tí ẹ dúró sí yẹn, ó ní iṣẹ́ yìí ò ní parí lọ́wọ́ mi láéláé. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ọ̀dọ̀ wa ló wà láti ọ̀sán àná tí o ti fẹjọ́ sùn. Àtìmọ́lé ló sùn. Báwo ló ṣe wá ba ti àná jẹ́?"

Afeez yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ó lè ti fi nǹkan sínú ẹ̀rọ kó tó lọ."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀," Ifáyọ̀kẹ́ wí. "Tún un lù kí n gbọ́."

Alhaja dìde, Qúdrát sì mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ifáyọ̀kẹ́ di ojú, ó tẹ́tí. Ohùn wúwo náà tún bẹ̀rẹ̀: *Ẹ má gbàgbé òrùlé tí omi òjò ti ṣàn wá.* Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà gbọ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀, lọ́nà jíjìn, bí ìgbà tí àwọn àgbà ọkùnrin bá péjọ, tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àwọn wo nìyẹn?"

Afeez tẹ́tí sí i. "Àwọn ọmọ ilé-kéwú ẹ̀yìn ilé yìí ni. Tí wọ́n bá kírun Aláásárì tán ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà la ti wá láti dí fèrèsé yẹn."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́fà, méje, mẹ́jọ."

"Ìgbà wo ni irùngbọ̀n hù lágbọ̀n wọn?"

Afeez fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé rẹ̀ sí ẹnu. Òun náà ti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọdé náà ti di àgbàlagbà.

"Ẹni tó fẹ́ ba ohùn ìyá arúgbó jẹ́," Ifáyọ̀kẹ́ wí, "kí ló kàn án pẹ̀lú ọmọ kéwú?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí Yẹ̀kínì, àgbà ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀, ti ń ṣe ilẹ̀kùn onírin. Afeez ti sọ fún un pé gbogbo ìgbà tí Yẹ̀kínì bá fi iná kan irin ni gílóòbù òkè máa ń ṣẹ́jú.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jó irin yẹn fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ má dáwọ́ dúró."

Yẹ̀kínì ṣí awò ojú rẹ̀ sókè. "Àwọn tó ń wá síbí, kí n dáwọ́ dúró ni wọ́n máa ń bẹ̀ mí."

"Èmi fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é dáadáa ni."

Lókè, ó ní kí Afeez gba ohùn òun sílẹ̀. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ọgọ́rùn-ún níwájú gbohùngbohùn, iná sì ń ṣẹ́jú lórí wọn ní gbogbo àkókò náà. Wọ́n lù ú padà. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí pá kan ṣoṣo níbẹ̀, ohùn náà sì jẹ́ ohùn Ifáyọ̀kẹ́ gẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn náà kò wù ú.

"Kì í ṣe Yẹ̀kínì," ó wí. "Tàbí kó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń bínú. Ìwé wo lò ń kọ àkókò sí?"

Afeez nawọ́ ìwé kan sí i. Òfin tí Sàláúdéènì ṣe fún sítúdíò náà ni, pé kí wọ́n máa kọ ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Ti àná wà níbẹ̀: aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún géérégé ló parí.

"Ogún ìṣẹ́jú," Ifáyọ̀kẹ́ wí. "Mélòó ló wà nínú ẹ̀rọ?"

Afeez wò ó, ó tún un wò. "Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Ìgbà wo ni wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

"Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjì, lánàá." Ó fọwọ́ pa orí. "Ìyẹn ni pé... kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lóru."

"Ohun tó jọ ọ́ nìyẹn. Àmọ́ ó gùn sí i." Ifáyọ̀kẹ́ yíra kọjá sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Wáyà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ síbi tó dé, kò sì sọ ohun tó rí. Nígbà tó jáde, Qúdrát wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń wò ó. Bí ojú wọn ṣe pàdé, obìnrin náà padà sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ifáyọ̀kẹ́ rí i, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú.

*

Sàláúdéènì kò bá a jà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó rù, tí aṣọ rẹ̀ ti rún.

"O ní iṣẹ́ náà ò ní parí lọ́wọ́ Afeez láéláé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Inú ń bí mi. Mo rò pé yóò kánjú ni, torí oníkànjú ni. Mi ò rò ó pé mo máa bà á jẹ́. Alhaja ló tọ́ màmá mi, ilé wọn ni màmá mi sì ti kọ́ orin. Ṣé èmi ni màá wá pa orin wọn run?"

Ifáyọ̀kẹ́ ṣàlàyé ohun tó gbọ́ fún un: ohùn tó dára nírọ̀lẹ́ tó sì wúwo láàárọ̀, ìró tó ń ta pá, ogún ìṣẹ́jú tó di mọ́kànlélógún ààbọ̀ ó lé, àwọn ọmọ kéwú tó di bàbá. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni ọkùnrin náà ń gbé ara sókè lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbàgbé pé àtìmọ́lé lòun wà.

"Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́ lóru, Mà. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ẹ kàn ò gbọ́ ọ ni."

"Ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ ẹni tó ń tún aago ṣe."

"Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ohùn báwa ṣe ń gbọ́ ọ. Kíkà ló ń kà á. Nǹkan kan wà tí à ń pè ní káàdì ohùn, òun ló ń ṣe kíkà yẹn, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó máa ń ka ohùn ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì ó lé díẹ̀. Iye tá a ṣètò sí sítúdíò wa nìyẹn. Àmọ́ tí nǹkan mìíràn bá wọlé, tó di káàdì kan náà mú, tó ní ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta lòun fẹ́, káàdì á máa sáré kà á bẹ́ẹ̀. Afeez ò mọ̀. Ètò tó fi ń gba orin náà ò mọ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́rìnlélógójì ni."

Ifáyọ̀kẹ́ ti ń fi ìka ka nǹkan lórí orúnkún. "Nítorí náà, kíkà tí wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú kó jọ, ẹ̀rọ á lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó ná an tán. Á máa falẹ̀. Ohun tó bá sì ń falẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìró pá yẹn, ìjà àwọn méjèèjì ni. Wọ́n ń fa káàdì mọ́ ara wọn lọ́wọ́."

"Kí ló dé tó fi dára nírọ̀lẹ́?"

"Torí nǹkan kejì yẹn ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lù ú padà. Bí wọ́n ṣe sáré kà á wọlé náà ni wọ́n sáré kà á jáde. Ó dìgbà tó bá kúrò kẹ́ ẹ tó gbọ́ àléébù rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ifáyọ̀kẹ́ bí ìgbà tí baba rẹ̀ bá ṣí ẹ̀yìn aago tó sì fi irin tó yẹ̀ hàn án. Kò sí olè kankan tó wọlé. Ohun kan ló ń jáde.

"Irú nǹkan wo ló fẹ́ràn ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta?"

"Fídíò ni, Mà. Ìpè tí èèyàn fi ń rí ojú ẹni kejì. Ṣùgbọ́n a ò ní kámẹ́rà nínú sítúdíò."

"Láàárọ̀ yìí, ẹ ò ní," Ifáyọ̀kẹ́ wí. Ó dìde. "Èyí tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti lọ nìyẹn?"

"Rárá. Ẹ kàn máa sọ iye tó tọ́ fún ẹ̀rọ ni, á padà sí bó ṣe wà. Ìró pá yẹn ló máa fún wa níṣẹ́ díẹ̀."

Ó lọ bá ọ̀gá àgọ́, ó sọ̀rọ̀ fún un kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọ́n sì fi Sàláúdéènì lé e lọ́wọ́.

*

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, Afeez lọ kírun Aláásárì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Alhaja jókòó kírun tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí orúnkún. Ifáyọ̀kẹ́ ní òun ń lọ ra omi tútù, ó sì fi Qúdrát nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Ó ní kí Sàláúdéènì dúró sí ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínì. Òun náà dúró síbẹ̀ títí Afeez fi padà gòkè, lẹ́yìn náà ló tẹ̀lé e.

Alhaja ti wà níwájú gbohùngbohùn. Qúdrát wà níbi tó máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìwé tó dojú kọ ìyá rẹ̀. Afeez ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Ẹ ní sùúrù fún mi," Ifáyọ̀kẹ́ wí. Ó kọjá sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀.

Wáyà márùn-ún.

Ó fi ìka tọ ìkarùn-ún. Ó gba ẹ̀yìn tábìlì, ó wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó gun ara àpótí ìwé, ó sì parí sáàárín ìwé ńlá méjì, níbi tí ohun dúdú kékeré kan tí kò ju ìdérí ìgò lọ ti yọ ojú. Iná aláwọ̀ ewé kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ń tàn lára rẹ̀.

"Afeez, kó gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wo ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá."

Afeez ń kó wọn, ó ń kó wọn. Ó dé ìsàlẹ̀. Ojú obìnrin kan yọ, ó lé ní ogójì ọdún díẹ̀, ó wọ súwẹ́tà nípọn, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu. Ó rí i pé wọ́n rí òun. Kò yẹra.

Qúdrát ti dìde. "Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀," ó wí. "Èmi ni."

"Mo mọ̀," Ifáyọ̀kẹ́ wí. Ó rọra sọ ọ́. "Láàárọ̀ tí mo wo ìdí ẹ̀rọ, ẹni méjì ló wà nítòsí. Afeez ń wo ojú mi. Ìwọ ń wo ọwọ́ mi. Kí ló dé tí o ò fi fóònù pè é?"

"Tí mo bá na fóònù sí Màmá lójú, wọ́n á bi mí pé ta ni mò ń fi wọ́n hàn." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé òun ló ń ba orin jẹ́, mo fi Ọlọ́run búra. Ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka wáyà láàárọ̀ yìí ni àyà mi tó já."

"Síbẹ̀ o tún fi sí i lọ́sàn-án yìí."

"Ọ̀túnla ni Ọjọ́bọ̀, Màdáámú."

Ibi tí Alhaja wà kò jẹ́ kó rí ojú kọ̀ǹpútà náà. "Ta ló wà níbẹ̀?" ó béèrè.

Ó bojú wo ọmọ rẹ̀.

"Qúdrát, mo ní ta ló wà níbẹ̀."

"Louisa ni, Màmá."

Ifáyọ̀kẹ́ rí bí orúkọ náà ṣe bà lé ìyá arúgbó náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni Qúdrát sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀. Àkọ́bí Alhaja ni Louisa. Ó fẹ́ onígbàgbọ́, ó bá ọkọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba orúkọ mìíràn, wọ́n sì kọjá sí Kánádà. Alhaja ní ẹni tó bá pe orúkọ tuntun yẹn níṣojú òun kò gbọdọ̀ bá òun jẹun mọ́. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Nígbà tí Louisa gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ó bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó jẹ́ kóun gbọ́ ohùn náà kó tó lọ, ká tilẹ̀ ní ìyá àwọn kò mọ̀.

Alhaja fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. "Láti ìgbà wo ló ti ń gbọ́?"

"Láti ọjọ́ Àìkú."

"Kí ló máa ń ṣe tó bá ń gbọ́ ọ?"

Qúdrát fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó máa ń gbè é, Màmá. Gbogbo ègbè ló mọ̀. Ó máa ń ti ohùn ẹ̀ pa níbẹ̀ kí ẹ má baà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo máa ń rí ẹnu ẹ̀."

Nísàlẹ̀, Yẹ̀kínì ń fi òòlù lu irin. Àwọn ọmọ kéwú ti bẹ̀rẹ̀.

"Àwọn tó ń gbè mí ti kú tán," Alhaja wí níkẹyìn. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń dá orin kọ, ó sì ń ṣe mí bíi pé ó ṣófo." Ó gbójú sókè. "Ṣé ó lè gbè é kó má ba iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí jẹ́?"

Ifáyọ̀kẹ́ jáde sórí àtẹ̀gùn, ó ju ọwọ́ sí Sàláúdéènì pé kó máa bọ̀.

Nígbà tó wọlé, òun àti Afeez wo ara wọn. Afeez dìde kúrò lórí àga ìdí ẹ̀rọ. "Mo ṣì ọ́ fura," ó wí. "Mo sì jẹ́ kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé. Mo bẹ̀ ọ́." Sàláúdéènì fa àga kejì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì fi orí júwe àga àkọ́kọ́ pé kí Afeez padà síbẹ̀. Ó yọ wáyà karùn-ún. Ó fi fóònù tirẹ̀ pe Louisa, ó gbé e sí iwájú Alhaja, ó gbé gbohùngbohùn kejì tì í, ó sì rí i pé káàdì ohùn padà sí iye tó yẹ ẹ́. Ó gba ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀, ó lù ú padà. Kò sí pá kankan.

Alhaja bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ wọ èkejì, ìgbà náà ni ègbè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti inú fóònù, tó forí gbárí pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró.

"Ó ń pẹ́ dé."

"Ọ̀nà ló jìn, Mà," Sàláúdéènì wí. "Kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn."

"Ó dáa. Màá máa dúró dè é."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é. Ìyá á kọ ìlà kan, á dákẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì. Ègbè á sì dé. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, orin mẹ́tàlá ni wọ́n ti gbà, pẹ̀lú àwọn méjì tí Sàláúdéènì dá padà sí bó ṣe yẹ. Mẹ́ta tó kù ni ọ̀fun Alhaja kò lè gbé mọ́.

Ifáyọ̀kẹ́ kò ní ìdí kan láti padà wá ní Ọjọ́rú náà, ṣùgbọ́n ó wá. Ó jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn orin ìkẹyìn, Afeez pa ẹ̀rọ, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì ń ká wáyà jọ. Alhaja ní kí Qúdrát gbé fóònù náà fún òun. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, ó sì ní láti mú fóònù náà sún mọ́ ẹnu gan-an.

"Louisa," ó wí, ó pe orúkọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. "Ṣé o ti jẹun?"